Ta Ló Láṣẹ Láti Ṣí Fóònù Wa?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa

  

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ èrè àti ọ̀rọ̀ owó yíyá ni akọ̀wé máa ń sọ níbí. Lọ́dún yìí, alága ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa, tó tún ń dún nínú báàgì ẹnì kan bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ yìí. Fóònù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pa á ná, kí ẹ fi etí sílẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òjò tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta aṣọ rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí gáréèjì pé kó lọ gba ẹrù. Ó fún un ní fóònù tirẹ̀ kó lè fi bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́pàá dá ọ̀kadà tó gùn dúró. Wọn ò béèrè ibi tó ń lọ, wọn ò béèrè ẹrù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣí fóònù ẹ." Ẹ̀rù ba ọmọ, ó ṣí i. Wọ́n rí álẹ́ẹ̀tì owó nínú rẹ̀, nítorí pé oṣù yẹn ló kan ìyá rẹ̀ láti kó àjọ. Wọ́n ní níbo ni ọmọ kékeré ti rí irú owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yàhúù ni. Ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwa mẹ́rin ni a gbé ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀, pé kí wọ́n wá wo orúkọ gbogbo ẹni tó dá àjọ náà. Kí a tó dé, wọ́n ti ka WhatsApp ìgbìmọ̀ tó wà nínú fóònù náà láti òkè délẹ̀. Orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí oníkálùkù jẹ. Ọ̀kan nínú wọn dúró níbi káńtà, ó ń ka orúkọ àti gbèsè sókè, ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó pe orúkọ obìnrin kan. Obìnrin náà wà lẹ́yìn wa gan-an. Òun náà ló bá wa wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó kàn wolẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ìwé ẹgbẹ́ ti sọ òótọ́. Fóònù di ọjọ́ kẹta. Ara ògiri ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó dùn wá jù ni pé obìnrin yẹn ò wá sí ìpàdé fún oṣù méjì. Nígbà tí a lọ bá a nílé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Akọ̀wé, ta ló fún wọn láṣẹ láti ka gbèsè mi sókè?"

A ò rí èsì fún un. Ojú tì wá, nítorí pé ọwọ́ àwa akọ̀wé ni a fi tẹ orúkọ yẹn sínú fóònù. A wá tọ lọ́yà kan lọ, ọmọ ọ̀kan nínú wa ni, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tí a rí ni a gbé wá lónìí.

Lọ́yà ní kí a kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìbéèrè obìnrin yẹn gan-an ni wọ́n bi ní ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní ọmọ níbẹ̀ tó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2009, ní ìlú San Diego ní ìpínlẹ̀ California, ọlọ́pàá dá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Riley dúró nítorí pé ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjá ọjọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n rí ìbọn. Wọ́n mú un, wọ́n yọ fóònù nínú àpò rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán àti fídíò inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi so ó mọ́ ọ̀ràn ìbọn yíyìn kan tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ó sì gba ẹ̀wọ̀n tó gùn. Ẹ gbọ́ o, a ò sọ pé ọkùnrin yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí lọ́yà rẹ̀ ń sọ ni pé: ta ló ní kí ẹ ṣí fóònù? Ìwé àṣẹ kóòtù, tí à ń pè ní wáráǹtì, dà?

Ọlọ́pàá ní tiwọn ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òfin ti gbà wọ́n láyè láti yẹ àpò ẹni tí wọ́n bá mú wò, kó má baà ní ọ̀bẹ lọ́wọ́, kó má sì ba ẹ̀rí jẹ́. Inú àpò ni fóònù wà, nítorí náà ohun àpò ni.

Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ohùn kan dá a. Adájọ́ àgbà, John Roberts, ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní fóònù kò lè yìn bí ìbọn. Ó ní ẹni tó bá sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín yíyẹ àpò wò àti yíyẹ fóònù wò, bí ẹni tó ní ẹni tó gun ẹṣin àti ẹni tó ń fò lọ sí òṣùpá, ìrìn kan náà ni wọ́n ń rìn ló rí. Ó ní ohun tó wà nínú fóònù ẹnì kan lè ju ohun tí wọ́n máa rí lọ bí wọ́n bá tú gbogbo ilé rẹ̀. Kí ni kí ọlọ́pàá wá ṣe? Èsì rẹ̀ kò gùn rárá: kí wọ́n lọ gba wáráǹtì.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa o. Ilé ẹjọ́ yẹn kò sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ wo fóònù láéláé. Wọ́n lè gbà á mú kí wọ́n fi pamọ́ títí wáráǹtì yóò fi dé. Bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá wà, bí ìgbà tí ajọ́mọgbé gbé ọmọ lọ tí fóònù lè sọ ibi tó wà, òfin lè gbà wọ́n láyè láti yára. Ṣùgbọ́n láyé ọjọ́ kan lásán, adájọ́ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ wáráǹtì le bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ yẹn, aṣọ́bodè lè mú ìwé kan ṣoṣo dání kó fi wọ ilé ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, kó máa wá ẹrù fàyàwọ́. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn èèyàn nínú gan-an. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n fi sínú òfin wọn ní ọdún 1791 pé wáráǹtì gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ wò àti ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjà wò ó. Bí àpò gààrì kan bá sọnù, tí Ìyálọ́jà ní kí ẹ̀ṣọ́ lọ wo ìsọ̀ mẹ́ta tó wà nítòsí, ṣé ẹ̀ṣọ́ lè ṣí kóló owó? Àpò gààrì kì í wọ inú kóló. Ẹni tó bá ṣí kóló, ohun mìíràn ló ń wá.

Nítorí náà, kódà bí wáráǹtì bá wà, wọ́n ṣì ń bá a ṣẹjọ́. Ní Michigan, ọlọ́pàá gba wáráǹtì láti wá ẹ̀rí òwò oògùn olóró nínú fóònù ọkùnrin kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún padà sínú ohun tí wọ́n ti dà kọ láti inú fóònù yẹn, wọ́n lọ wá ẹ̀rí ọ̀ràn olè jíjà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé wáráǹtì oògùn kì í ṣe wáráǹtì olè. Kóló ni wọ́n ṣí yẹn.

Ẹjọ́ míì tún wà tí wọ́n dá ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ẹjọ́ Carpenter. Ọlọ́pàá kò tilẹ̀ fọwọ́ kan fóònù ọkùnrin yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta láìnì ni wọ́n lọ bá, wọ́n gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù rẹ̀ ti wà fún ọjọ́ 127. Ibi 12,898 ni wọ́n rí kà. Wọ́n ní àṣẹ kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò le tó wáráǹtì. Adájọ́ márùn-ún ní kò tó, mẹ́rin ní ó tó. Márùn-ún ló borí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, kóòtù ìpẹ̀jọ́ kan ní New Orleans gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ja òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lólè ní Mississippi. Ọlọ́pàá ti ní kí Google fún wọn ní gbogbo fóònù tó wà ní àgbègbè yẹn lákòókò yẹn. Ẹ fojú inú wò ó: olè jà ní ìsọ̀ kan, wọ́n wá ní kí gbogbo ẹni tó gba ọjà kọjá lọ́jọ́ náà wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Kóòtù náà ní irú wáráǹtì bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwé aṣọ́bodè ayé àtijọ́. Síbẹ̀ wọn ò tú àwọn ọ̀daràn náà sílẹ̀, wọ́n ní ọlọ́pàá kò mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin. Ẹ̀yin náà rí i pé ẹjọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan máa jẹ tán pátápátá.

Gbogbo adájọ́ ibẹ̀ kọ́ ló ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè fipá mú ẹnì kan sọ nọ́ńbà tí yóò ṣí fóònù rẹ̀, kóòtù tó ga jùlọ ní Indiana sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé wọn ò lè fipá mú obìnrin tó wà níwájú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ti New Jersey ní wọ́n lè fipá mú ẹni tó wà níwájú tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bi lọ́yà ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé òfin tiwa kò dákẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ààbò wà lórí àṣírí ọmọ ilẹ̀ yìí, lórí ilé rẹ̀, lórí lẹ́tà rẹ̀, àti lórí ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Abala 45 wá sọ pé òfin lè dín in kù nítorí ààbò ìlú àti irú ohun bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin ni kó dín in kù, kì í ṣe ẹni tó bá ti wọ aṣọ dúdú.

Òfin ọdún 2015 tó wà fún ètò ẹjọ́ ọ̀daràn ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ sọ bí wáráǹtì ṣe ń jáde: ọlọ́pàá yóò lọ síwájú kóòtù tàbí ẹni tí òfin fi ṣe onídàájọ́ àlàáfíà, yóò búra, yóò kọ ìdí tó fi ń fura sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Òfin kan náà sọ pé bí ó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, obìnrin ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 bákan náà, sọ ní abala 45 pé iwájú adájọ́ ni ọlọ́pàá yóò lọ tó bá fẹ́ gba wáráǹtì fún ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Àwọn ọ̀gá wọn pàápàá mọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, pàṣẹ pé kí SARS àti àwọn ẹgbẹ́ wọn yé tú fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn kiri. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ wa ṣe jáde sí ìgboro lóṣù yẹn. Ní ọjọ́ 11, wọ́n tú SARS ká. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nínú ìwé kò tíì dé gbogbo ojú ọ̀nà. Ohun tí ojú wa rí kò pẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tí lọ́yà ní kí a má fi pamọ́ fún yín. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rí tí ọlọ́pàá gbà láìtọ́ sábà máa ń ṣubú ní kóòtù. Níhìn-ín, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní adájọ́ lè gbà á, àfi tó bá wọ̀n ọ́n tó rí i pé aburú tó wà nínú bí wọ́n ṣe gbà á ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí ọlọ́pàá bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọ̀ràn tán nìyẹn. Abala 46 ni ọ̀nà wa: ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Abala 35 sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú láìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ara wọn. Wọ́n ń sọ pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń bò? Àwa kì í ṣe ọ̀tá ọlọ́pàá o. Nígbà tí àwọn oníjìbìtì ń fi álẹ́ẹ̀tì irọ́ kó ọjà wa lọ, ta ni a sáré pè? Ọlọ́pàá náà ni. Inú fóònù náà sì ni wọ́n ti lè rí irú olè bẹ́ẹ̀ mú. A fẹ́ kí wọ́n rí i mú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ka gbèsè rẹ̀ kò jalè. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹgbẹ́ ló yá a lówó. Ẹni tó ń wá olè, kó sọ orúkọ olè fún adájọ́, kó sì sọ ohun tó fẹ́ wò. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa di í lọ́wọ́ nínú wa.

Kí wá ni ká ṣe?

Ìkíní, kí oníkálùkù fi páàsìwọ́ọ̀dù sí fóònù rẹ̀, kó má sì jẹ́ ọjọ́ ìbí. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ ní kí ọmọ bá yín ṣe é.

Ìkejì, a ti yọ orúkọ gbogbo onígbèsè kúrò lórí WhatsApp. Inú ìwé ni yóò máa wà, inú àpótí akápò ni ìwé yóò sì máa wà, bí àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ti ń ṣe é.

Ìkẹta, bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má jà, ẹ má fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ o, ẹ̀mí ju fóònù lọ. Ẹ kí wọn, kí ẹ béèrè pẹ̀lú ìtẹríba pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fura sí? Ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ kóòtù?" Tí wọ́n bá fi tipátipá gbà á, ẹ sọ pé ẹ ò fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ wo orúkọ àyà wọn, ẹ wo aago, ẹ wo ibi tí ẹ wà.

Ìkẹrin, bí wáráǹtì bá wà, ẹ kà á tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín: orúkọ ta ló wà níbẹ̀, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n ní àwọn ń wá? Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù, torí pé ọ̀ràn tuntun nìyẹn yóò dá sílẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí ẹ bá fẹ́.

Ìkarùn-ún, kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá bá wa. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò láti gbé àbá kan wá sí ìpàdé àpapọ̀: kí a máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ fún lọ́yà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà dá nìkan dúró níwájú káńtà mọ́. Ẹni tí kò bá lágbára, Legal Aid Council ti ìjọba wà fún tálákà. Ẹ rò ó, kí ẹ wá dìbò.

Ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn wà láàárín wa lónìí. A ò ní pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ti pè é jù. Màmá, ẹ̀ ń gbọ́ wa. Èsì yín rèé, ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé: kò sẹ́ni tó fún wọn láṣẹ. Àwa akọ̀wé náà jẹ̀bi ní tiwa, torí pé àṣírí tí ẹ fi sọ́wọ́ wa, a kò dì í mú dáadáa. Ẹ forí jì wá.

Olúwa kò ní jẹ́ kí á rí ìjà ọlọ́pàá. Kò ní jẹ́ kí àṣírí wa tú. Ọjà wa á máa tà, àwọn ọmọ wa á máa jáde ire, wọ́n á máa wọlé ire. Èyí tí a ṣe lónìí, àṣèyí-ṣàmọ́dún o.